Alvin York àti Henry Johnson: Ta Ló Kọ Ọ́ Sínú Ìwé?

Agbègbè igbó Argonne nílẹ̀ Faransé ni Alvin York àti Henry Johnson ti di akọni, lọ́dún 1918, nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. York ni ayé mọ̀.

Alárù ni Johnson ní ibùdókọ̀ rélùwéè Albany kó tó wọṣẹ́ ológun. Lóru kan láàárín oṣù Karùn-ún, òun àti Needham Roberts, ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń ṣọ́nà nínú yàrà ogun nígbà tí àwọn ará Jámánì tó ju mẹ́wàá lọ ya bò wọ́n. Bọ́ǹbù dá Roberts dùbúlẹ̀. Johnson ju bọ́ǹbù ọwọ́ títí ó fi tán. Nígbà tí ìbọn há, ó yí i padà, ó ń fi ìdí rẹ̀ lu wọ́n. Bó ṣe rí i pé wọ́n ń wọ́ Roberts lọ, ọ̀bẹ ló yọ, ó sì gba ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọgbẹ́ mọ́kànlélógún ló wà lára rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ó kan York, ará oko Tennessee tó ti kọ́kọ́ ní ẹ̀sìn òun kò gba ìpànìyàn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mẹ́tàdínlógún lápapọ̀, ló lọ kọ lu àwọn ará Jámánì. Ìbọn ayìn-léraléra pa mẹ́fà nínú wọn. York, tí ọdẹ ti kọ́ ní ìbọn yíyìn, bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn tó wà nídìí ìbọn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀gá wọn fi túúbá. Ẹni 132 ni wọ́n kó lógun.

Bó bá jẹ́ èrè ojú ogun la ó fi wọ̀n ọ́n, ti York tẹ̀wọ̀n jù. Bó bá jẹ́ ohun tí ara ènìyàn lè fara dà nítorí ẹnìkejì, mo gbé ti Johnson ga.

Ẹ má sì rò pé wọn kò gbọ́ orúkọ Johnson nígbà náà. Ìwé ìròyìn Saturday Evening Post ti ròyìn rẹ̀ ní 1918, kó tó ròyìn York ní 1919. Ìwé ìjọba ló yàtọ̀. Wọ́n gba ẹ̀rí ìbúra lẹ́nu àwọn tó bá York lọ, wọ́n padà lọ yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n sì fún un ní Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ ológun tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Sinimá tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ jáde ní 1941. (Òun náà kò jayé ọba o: gbèsè owó orí dà á láàmú lọ́jọ́ ogbó.) Ti Johnson ńkọ́? Nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni àwọn ọmọ ogun rẹ́jímẹ́ǹtì rẹ̀, 369, àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà fà wọ́n lé Faransé lọ́wọ́. Faransé ló fún Johnson ní Croix de Guerre, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà lójú ogun. Ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun kò mẹ́nu ba ọgbẹ́ kan ṣoṣo. Ó kú ní 1929.

Oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni Ààrẹ Obama tó fi Medal of Honor dá a lọ́lá. Ní 2023 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ bárékè ńlá kan ní Louisiana tó ń jẹ́ Fort Polk. Ní 2025 wọ́n yọ orúkọ Johnson kúrò, wọ́n sì dá Polk padà.