Ẹ̀rọ Ìgbàlódé àti Ìròyìn Alẹ́ Ìdìbò

Ìbàdàn ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàwà, 1959. Láyé ìgbà náà, inú ìwé ni oníròyìn ti ń ka ìròyìn. Lóde òní, ó lè fọwọ́ kan ìpínlẹ̀ kan lójú pátákó aláwòrán, kí iye ìbò ibẹ̀ sì yọ. Ohun tí a fẹ́ fi yéni níhìn-ín ni pé pátákó náà kì í ka ìbò. Ohun tí a bá fi sínú rẹ̀ ló ń fi hàn.

Nínú ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun, ọjọ́ 16 oṣù Agẹmọ, 2022, àwọn òṣìṣẹ́ INEC fi ẹ̀rọ BVAS ya àwòrán ìwé èsì, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sórí IReV ní wéréwéré. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé, 2023, èsì ìdìbò ààrẹ kò tètè hàn níbẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà ni INEC tó kéde ẹni tó wọlé.

Nítorí náà, ó yẹ kí oníròyìn máa sọ orísun iye kọ̀ọ̀kan àti iye ibùdó ìdìbò tó ṣẹ́ kù. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wòran ní Bódìjà tàbí Agbowó lè ka èsì àbọ̀ sí àṣekágbá, kí ó sì fi ìyẹn bá aládùúgbò rẹ̀ jà.