Báwo ni àwòrán kan ṣe ń sọ ohun tí imí-ọjọ́ yóò dà nínú omi?

Ní Casamance, lápá gúúsù Senegal, àwọn ẹ̀yà Jola máa ń gbin ìrẹsì sórí ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ tí igbó ẹ̀gbà etí omi iyọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ oko wọn kò so dáadáa mọ́. Iyọ̀ wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ásíìdì tó jáde láti inú ilẹ̀ náà dá kún un.

Imí-ọjọ́ ló wà nídìí ásíìdì ọ̀hún, àwòrán Pourbaix sì ṣàlàyé rẹ̀.

Kí ni àwòrán Pourbaix?

Marcel Pourbaix, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Belgium, ló gbé irú àwòrán yìí kalẹ̀. Ní ọdún 1963, ó kó wọn jọ sínú ìwé kan ní èdè Faransé.

Ìlà ìbú rẹ̀ ń sọ pH omi: ásíìdì líle wà ní 0, omi lásán wà ní 7, ohun tó jọ omi eérú sì wà lápá 14. Ìlà òró ń sọ agbára iná mànàmáná. Ibi tí ọ́síjìn ti pọ̀ ló wà lókè, ibi tí kò sí ọ́síjìn ló wà nísàlẹ̀.

Ibo ni imí-ọjọ́ wà níbẹ̀?

Sulfate ló gba òkè. Nísàlẹ̀, hydrogen sulfide, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin òbu, ló wà lápá òsì pH 7. HS⁻ ló wà lápá ọ̀tún. Imí-ọjọ́ gan-an, aláwọ̀ ìyeyè, kò ní ju àyè tóóró kan láàárín wọn, lápá ibi tí ásíìdì wà.

Nínú ẹrọ̀fọ̀ tí omi bò, ọ́síjìn kò dé ìsàlẹ̀. Imí-ọjọ́ a so mọ́ irin, a di pyrite, kì í sì í ṣe ìpalára. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ọ́síjìn a wọlé, pyrite a sì di sulfate. Ásíìdì ló ń tú sílẹ̀ bó ṣe ń yí padà. pH lè já wá sí ìsàlẹ̀ 4, aluminium inú ilẹ̀ a yọ́ sínú omi, a sì pa gbòǹgbò ìrẹsì lára.

Kí ni kò lè sọ?

Àwòrán náà ń sọ ibi tí imí-ọjọ́ ń lọ, kò sọ ìgbà tí yóò débẹ̀. Àwọn kòkòrò bakitéríà inú ilẹ̀ ló sábà máa ń mú un yára.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún àgbẹ̀ àti ìjọba ṣe kedere: kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò bóyá pyrite wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fa omi rẹ̀ gbẹ. Ilẹ̀ tí omi ṣì bò lè má ṣe ìpalára kankan, ṣùgbọ́n bí ásíìdì bá ti jáde, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí òjò tó fọ̀ ọ́ kúrò.