Fọ́tò, Orúkọ àti Eṣinṣin Amùjẹ̀: Àpẹẹrẹ Láti Warri

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, eṣinṣin, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fún oríṣiríṣi kòkòrò: èyí tí ń bà lé oúnjẹ, èyí tí ń kùn yí egbò ká, àti èyí tí ó tóbi, tí ń gé màlúù àti ènìyàn jẹ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kó sínú ẹbí Tabanidae, ni a ó máa pè ní eṣinṣin amùjẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Irú wọn tí a ti fún lórúkọ ní àgbáyé ju 4,000 lọ. Ohun tí a ní lọ́kàn ni láti ṣàlàyé bí a ṣe lè fi fọ́tò dá wọn mọ̀, ibi tí agbára fọ́tò pin sí, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè.

2. Warri nínú ìtàn wọn

A mú Warri ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń ya àwòrán eṣinṣin ibẹ̀. Ní ọdún 1786, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Palisot de Beauvois, wọkọ̀ ojú omi dé ilẹ̀ tí àwọn ará Yúróòpù ìgbà náà ń kọ ní Oware, èyí tí í ṣe ilẹ̀ ọba Warri ti àwọn Ìṣẹ̀kírì. Ó kó ewéko àti kòkòrò jọ níbẹ̀ àti ní Benin, kí àìsàn tó lé e kúrò. Láti 1805 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé rẹ̀ lórí àwọn kòkòrò náà jáde, tòun ti àwòrán. Púpọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ ti ṣègbé, ṣùgbọ́n àwòrán àti orúkọ kù. Òun ni ó sọ eṣinṣin amùjẹ̀ méjì ní Tabanus taeniola àti Tabanus ruficrus.

Bí a bá tú àwọn orúkọ yìí wò, a ó rí i pé iṣẹ́ oríkì ni wọ́n ń ṣe. Ní èdè Látìn, taeniola ni ọ̀já kékeré, nítorí ilà tí ó gba orí ikùn rẹ̀ kọjá. Ruficrus sì ni ẹlẹ́sẹ̀ pupa. Láti inú èdè Gíríìkì ni Chrysops ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni olójú wúrà. Haematopota ńkọ́? Amùjẹ̀ gan-an ni. Ẹni tí ó sọ wọ́n lórúkọ ti kọ́kọ́ wò wọ́n dáadáa.

3. Ohun tí fọ́tò lè fi hàn

Ìdílé mẹ́ta ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Ìyẹ́, ìwo orí àti ojú ni yóò wò.

(i) Tabanus: Ara rẹ̀ tóbi. Ìyẹ́ rẹ̀ sábà máa ń mọ́ gaara tàbí kí ó rí bí èéfín. Ìwo rẹ̀ kúrú, ó sì ní gegele kan bí eyín.

(ii) Haematopota: Ó kéré sí Tabanus. Ìyẹ́ rẹ̀ ní àmì wínníwínní bí ìyẹ́ ẹtù, a sì máa pa á dé ẹ̀yìn bí òrùlé nígbà tí ó bá bà.

(iii) Chrysops: Ọ̀já dúdú fífẹ̀ kan dábùú ìyẹ́ rẹ̀. Ìwo rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín. Ojú rẹ̀ ń dán bí wúrà àti ewé tútù.

Fọ́tò a tún máa fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo. Ojú akọ fẹnu kora lókè orí, àlàfo sì wà láàárín ti abo. Abo nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀.

Ní ọ̀nà kan, fọ́tò ju òkú kòkòrò tí a fi abẹ́rẹ́ gún mọ́ pákó lọ. Bí eṣinṣin bá kú tí ó sì gbẹ, àwọ̀ ojú rẹ̀ a ṣá. Fọ́tò tí a yà nígbà tí ó wà láàyè ni yóò pa àwọ̀ náà mọ́.

4. Ibi tí agbára rẹ̀ pin sí

Ìdílé rọrùn láti mọ̀. Irú ni ó ṣòro. Ìwé Harold Oldroyd lórí àwọn eṣinṣin yìí ní Áfíríkà, tí ó jáde ní apá mẹ́ta láàárín 1952 àti 1957, ń béèrè ohun tí kámẹ́rà kì í sábà rí, bí àmì kékeré tí ó wà láàárín ojú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wo Chrysops silacea àti Chrysops dimidiata. Àwọn méjèèjì ní ilà dúdú méjì lórí ikùn wọn. Ilà ti silacea kúrú. Ti dimidiata gùn, ó sì fẹ̀ jù ú lọ. Bí ìyẹ́ bá bo ikùn nínú fọ́tò, ìyàtọ̀ náà ti farasin nìyẹn. Nítorí náà, fọ́tò mẹ́ta ni kí a yà: láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti iwájú. Kí a fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì kọ ibi àti ọjọ́ sílẹ̀. Bí àmì kò bá hàn, kí a kọ Chrysops, kí a sì dúró síbẹ̀. Àṣìpè burú ju àìpè lọ.

5. Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì

Àwọn Chrysops méjì yìí ni ó ń gbé aràn ojú, Loa loa, kiri nínú igbó ìwọ̀ oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Ní Calabar, ní 1912, ni Robert Leiper ti rí i pé inú Chrysops ni ọmọ aràn náà ti ń dàgbà. Bí ọmọ aràn yìí bá pọ̀ jọjọ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, oògùn ivermectin tí a ń pín fún ìfọ́jú etí odò lè dá a dùbúlẹ̀, kí ó má tilẹ̀ mọ ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, kódà ó lè yọrí sí ikú.

Nítorí èyí ni a ṣe gbé ọ̀nà ìwádìí RAPLOA kalẹ̀ ní 2002. Ẹ kíyè sí bí ó ṣe ń lọ: a ó kọ́kọ́ wádìí orúkọ tí àwọn ará ìlú ń pe aràn ojú, lẹ́yìn náà a ó fi fọ́tò rẹ̀ hàn wọ́n, a ó sì béèrè bóyá ó ti yọ sí wọn lójú rí àti iye ọjọ́ tí ó lò. Bí ẹni 40 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti rí i, ewu wà ní ìlú náà. Orúkọ àti fọ́tò ni ó jọ ṣiṣẹ́ yìí.

6. Ìkádìí

Iṣẹ́ wa ni apá orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àgbẹ̀ tàbí darandaran, ní ẹ̀ka èdè Yorùbá tàbí ní Ìṣẹ̀kírì tí ó bá Yorùbá tan, kò gbọdọ̀ béèrè pé, “Kí ni ẹ ń pe eṣinṣin?” Kí ó to fọ́tò mẹ́ta síwájú wọn, ọ̀kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí ó sì béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá dáhùn pé eṣinṣin ni gbogbo wọn, kí ó tún béèrè èwo ni ó ń jẹ màlúù, èwo ni ó ń jẹ ènìyàn nínú igbó, àti àkókò wo. Ìgbà tí a bá béèrè báyìí ni a tó lè sọ bóyá èdè ní orúkọ tàbí kò ní.