Inú Rírun Tí Láàbù Kò Rí

Bí inú bá ń run ènìyàn ní Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fẹ̀sùn kàn: jẹ̀díjẹ̀dí, tàífọ́ọ̀dù àti úlsà. Alágbo á bu ife kan, kẹ́míìsì á ta Flagyl, láàbù á fa ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń tibẹ̀ rí ìwòsàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tèmi kàn ni ẹni tó ti gba gbogbo ọ̀nà yìí kọjá, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò tàbí egbò kankan, síbẹ̀ tí inú ń lọ́ ọ láti oṣù dé oṣù, tó ń ṣu gbuuru lónìí, tí ìgbẹ́ rẹ̀ á tún le lọ́túnla. IBS ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí, kì í sì í ṣe àìsàn òyìnbó nìkan: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàrin ará ìlú ní Jos, tó jáde ní 2009, rí àmì rẹ̀ lára nǹkan bí ènìyàn 3 nínú 10. Fún irú àwọn tí oògùn kò ràn lọ́wọ́ yìí, ìtọ́jú tó ń gba inú ọkàn dé inú ìfun ní ẹ̀rí tó nípọn ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń rà káàkiri lọ.

“Ṣé orí mi ló dàrú ni?” Ìbéèrè tí aláìsàn máa kọ́kọ́ bi dókítà nìyẹn, ó sì tọ́ kó bi í. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìfun fúnra rẹ̀. Iṣan tó ń gbé ìròyìn kún ara ògiri ìfun wa, wọ́n ju mílíọ̀nù 100 lọ, ọpọlọ àti ìfun sì ń ránṣẹ́ síra wọn tọ̀sán tòru. Ní 1822, ìbọn ba ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Alexis St. Martin níkùn ní Amẹ́ríkà. Ojú ọgbẹ́ náà kò pa dé mọ́, dókítà rẹ̀, William Beaumont, sì ń gba ojú ihò yẹn wo bí oúnjẹ ṣe ń dà. Ó rí i pé bí ọkùnrin náà bá bínú, ara àpòlúkù rẹ̀ á yí padà lójú ẹsẹ̀. Ní 1973, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Ritchie fẹ́ bàlúù kékeré sínú ìfun àwọn oní-IBS àti ti àwọn tí ara wọn le: ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí kò ro ọ̀pọ̀ àwọn yòókù lára ni ọ̀pọ̀ àwọn oní-IBS ń kígbe sí. Ìrora náà kì í ṣe irọ́. Iṣan ló ń gbọ́ ìròyìn kékeré bí ariwo ńlá, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn lára ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ìgbẹ́ ọ̀rìn tàbí májèlé oúnjẹ ti kọjá lọ tán.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá rí báyìí, a lè kọ́ ọpọlọ láti dín ariwo yẹn kù. Ní Manchester ní 1984, dókítà kan tó ń jẹ́ Peter Whorwell mú aláìsàn 30 tí oògùn kò ṣe ní nǹkan kan. Ó fi ìdajì wọn sí hypnosis, ìjókòó 7 láàrin oṣù mẹ́ta. Ó ń bá ìdajì kejì sọ̀rọ̀, ó sì ń fún wọn ní hóró tí kò ní oògùn kankan nínú. Àwọn ti àkọ́kọ́ sàn jù wọ́n lọ dáadáa. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro: aláìsàn á di ojú, á gbé ọwọ́ lé ikùn títí á fi móoru, á wá máa fi ọkàn wo odò. Ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru á wo odò tó ń ya lọ kó lè rọra máa fà. Ẹni tí tirẹ̀ le á wo èyí tó dúró kó lè máa ṣàn. Ní agbègbè Odò-Ọ̀tìn wa yìí, a kò ní wá odò tí a ó fọkàn wò tì.

Ìkejì ni CBT, ìtọ́jú tó ń tún èrò àti ìṣe ẹni ṣe, òun ni mo rò pé ó bá wa mu jù. Ká ní ìyá kan ń ná ọjà láti Òkukù lọ sí Òṣogbo. Ìgbẹ́ gbọ̀n ọ́n lọ́nà lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kì í jẹun kó tó wọ kórópé, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, bí mọ́tò bá sì ti ṣí báyìí, àyà rẹ̀ á já, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ni, kí ló jẹ, kí ló wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, á ní kó jẹun àárọ̀ díẹ̀, kó wọkọ̀ dé Ìnísà péré kó sì padà. Tí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, á dé Ìkìrun, kó tó kan Òṣogbo. Ní 2019, àwọn olùwádìí Southampton àti King's College ní Lọ́ńdọ̀nù gbé èsì irú ìtọ́jú yìí jáde láti ara ènìyàn 558. Orí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́yìn ọdún kan sì ni ara àwọn tó gbà á dá ju ti àwọn tó ń gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá nìkan lọ.

Àwọn tó mọ̀ nípa ìwádìí á ní aláìsàn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un, nítorí náà ìrètí lásán lè wà lára ohun tó wò ó sàn. Òótọ́ ni, àléébù gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, Jeffrey Lackner fi CBT wé ẹ̀kọ́ lásán nípa àìsàn náà lára ènìyàn 436, tí gbogbo wọn ń rí ojú àánú. Èsì tó gbé jáde ní 2018 fi hàn pé CBT ṣì lé wájú, títí kan èyí tó jẹ́ ìjókòó 4 péré. Ní ti àwọn pásítọ̀ àti ààfáà tí hypnosis ń kọ lóminú, iyè ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún kò sọnù: ó ń gbọ́ràn, ó lè la ojú kó dìde. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì gbà á, CBT wà.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má lọ fi ọ̀rọ̀ ẹnu tọ́jú jẹjẹrẹ. Mo gbà fún un pátápátá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ènìyàn bá ń rù láìgbààwẹ̀, bí inú bá ń jí i lóru, tàbí tó jẹ́ pé lẹ́yìn tó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún ni gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn, bí ti Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà wo ìfun. Kí ẹnikẹ́ni má fi jẹ̀díjẹ̀dí bo irú èyí mọ́lẹ̀.

Ta ni yóò wá ṣe é fún wa, nígbà tí onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ṣọ̀wọ́n báyìí? Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà yìí, Oye Gureje àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, wọ́n sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2015. Ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2010 ni wọ́n fi ṣe é, ìwé náà sì ní orí kan fún àwọn tí ara ń ro tí àyẹ̀wò kò rí ìdí rẹ̀. Ìwé, bírò àti fóònù kò wọ́n. Wákàtí tí nọ́ọ̀sì kan á fi jókòó ti aláìsàn kan nígbà tí èrò kún ìta ló wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìwádìí àwọn ará Netherlands ti 2019 sí pàtàkì: àǹfààní tí àwọn tí wọ́n ṣe hypnosis fún pa pọ̀ lójú kan rí kò kéré sí ti àwọn tí wọ́n ṣe é fún lọ́kọ̀ọ̀kan.