Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ara tí ó wà nínú Ẹ̀fọ́ àti Èso

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé bí a bá gbàgbé àdá tàbí ọkọ́ sí oko nínú òjò, yóò dípẹtà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣu tí a bẹ, tí a kò sì tètè fi sínú omi, a máa dúdú ní ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Ohun kan tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ni ó lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ ni ọ́síjìn, òun kan náà sì ni a ń mí sínú tí a fi wà láàyè. Ǹjẹ́ kí ni kò jẹ́ kí ó ba ara tiwa náà jẹ́ kíákíá?

Ara ènìyàn dà bí ààrò. Oúnjẹ ni igi inú rẹ̀, ọ́síjìn sì ni atẹ́gùn tí ń fẹ́ ẹ. Láti inú jíjó yìí ni ooru ara àti agbára iṣẹ́ ti ń wá. Ṣùgbọ́n kò sí iná igi tí kì í ta ìpẹ́pẹ́. Nínú ara pẹ̀lú, ìpẹ́pẹ́ kan ń ta tí ojú kò lè rí. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní free radicals. Bí ó bá mọ níwọ̀n, ara a máa lò ó láti fi pa kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, a máa ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a fi mọ ara jẹ́. A ti rí irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àrùn ọkàn, nínú jẹjẹrẹ, àti nínú ojú àwọn arúgbó tí ó ń ṣú. Èéfín sìgá àti èéfín igi ìdáná a máa sọ ọ́ di púpọ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń pa ìpẹ́pẹ́ yìí ni a ń pè ní antioxidant. Ara ń ṣe àwọn kan fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò lè ti ibòmíràn wá bí kò ṣe ẹnu. Ẹ wo ewúrẹ́ tí ń jẹ kiri àgbàlá: ó ń ṣe fítámì C nínú ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ènìyàn kò lè ṣe é. Bí kò bá jẹ ẹ́, kò ní i.

Ní ọdún 1747, James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Ìlú Ọba, mú atukọ̀ 12 tí èrìgì wọn ń jẹrà, tí agbára sì ti tán nínú wọn. Ó pín wọn ní méjì méjì, ó sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun ọ̀tọ̀. Kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé, àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn ti sàn ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni a tó mọ̀ pé fítámì C ni ó wo wọ́n.

Ní Adó-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kò ṣọ̀wọ́n. Fítámì C pọ̀ nínú ọsàn, ìbẹ́pẹ, gúáfà, agbálùmọ̀ àti ata tútù. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò, ewédú àti ewúro ní oríṣìíríṣìí ẹ̀ṣọ́ nínú. Pípọ́n epo pupa pàápàá jẹ́ ẹ̀ṣọ́: nínú rẹ̀ ni ara ti ń ṣe fítámì A tí ń ran ojú ọmọdé lọ́wọ́ láti ríran ní àṣálẹ́. Pípọ́n tòmátì jẹ́ ẹ̀ṣọ́ mìíràn, ara sì ń rí i gbà dáadáa bí a bá fi epo sè é.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń pa ẹ̀ṣọ́ náà kí ó tó dé ẹnu. Ní Akúrẹ́ tí kò jìnnà sí wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ganiyu Oboh ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ yẹ àwọn ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa wò. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 fi hàn pé bí a bá bọ ẹ̀fọ́ nínú omi gbígbóná, fítámì C inú rẹ̀ a dín kù gidigidi. Nítorí náà, ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná. Omi tí ẹ bá fi bọ̀ ọ́, ẹ má ṣe dà á nù bí kò bá korò. Kán-ún a máa mú kí ewédú tètè rọ̀, ṣùgbọ́n a máa ba fítámì C jẹ́. Epo tí a sì yọ́ títí tí ó fi funfun ti pàdánù ẹ̀ṣọ́ tí ó mú un pọ́n.

Ẹnìkan lè wí pé, “Èmi yóò kúkú ra oògùn oníhóró, kí n gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan.” Kí ó gbọ́ èyí. Ní ilẹ̀ Finland, àwọn oníṣègùn kó ọkùnrin tí ń mu sìgá jọ, iye wọn lé ní 29,000. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní oògùn tí a fi beta-carotene ṣe, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ inú epo pupa. Ìrètí wọn ni pé yóò dènà jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1994, àwọn tí ń gbé oògùn náà mì ni jẹjẹrẹ mú jù. Ohun tí ó dára nínú oúnjẹ lè ṣe ibi bí a bá yọ ọ́ sọ́tọ̀, tí a sì mu ún lámujù. Bí dókítà bá kọ fítámì fún aláboyún tàbí ọmọdé, kí a lò ó gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rà á lọ́wọ́ akiri-oògùn. Ẹ̀fọ́ pẹ̀lú kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun ìbànújẹ́ ni kí àgbẹ̀ kó gbogbo ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ oko rẹ̀ lọ sí ọjà Ọba, kí ó sì fi owó rẹ̀ ra ìgò oògùn bọ̀ wálé, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ní ewé kan nínú. Kí a tà, ó dára; ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ yọ ti ilé sílẹ̀. Ẹ gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí omi ìfọ̀wọ́ ń dà sí, kí ẹ lè rí i já nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ èso tí àsìkò bá mú wá. Àwọn baba wa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; ẹ̀ṣọ́ ti ara náà, ilé ni ó wà.