Ṣé O Mọ̀? Ẹ̀mí Tó Wà Lórí Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Ṣé o mọ̀ pé nítorí ààbò ni kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe rí bó ṣe rí lónìí? Ti àtijọ́ ga fíofío, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tóbi ràgàjì. Ẹni tó bá já bọ́, orí ló sábà fi ń gúnlẹ̀. Lọ́dún 1885, ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Kemp Starley gbé èyí tó rẹlẹ̀ jáde, tí ṣéènì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé akoto tó ti gbà ọ́ là lẹ́ẹ̀kan ti parí iṣẹ́ rẹ̀? Fóòmù inú rẹ̀ ló ń rún mọ́lẹ̀ dípò agbárí. Ra òmíràn, bí ò tilẹ̀ sán.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti ń gba ọ̀tún ní Nàìjíríà? Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló yẹ kó kọjú sí ọkọ̀. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, kó bá ọkọ̀ lọ. Tó o bá gba òdì, awakọ̀ tó ń yọ láti àdúgbò kò ní wo ibi tó o ti ń bọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé aṣọ tó ń dán yanran lọ́sàn-án lè má wúlò lóru? Èyí tó ń dá iná ọkọ̀ padà lo nílò. So ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀: bó ṣe ń lọ sókè sódò, awakọ̀ á tètè mọ̀ pé èèyàn ni. Iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé tó ò bá rí ojú dẹ́rẹ́bà tírélà nínú dígí rẹ̀, òun náà ò rí ọ? Má há ara rẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ níkòríta.

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ kí awakọ̀ wa fi ṣílẹ̀kùn ọkọ̀? Á mú kí ara rẹ̀ yí, kí ojú rẹ̀ sì rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èrò tó jókòó lọ́tùn-ún, kó fi òsì ṣí tirẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé eré díẹ̀ ń pààyàn? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí eré ọkọ̀ bá fi ìdá 1 nínú 100 lé sí i, ewu ìjàm̀bá tó ń gbẹ̀mí á fi ìdá 4 lé sí i.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 1971, ọmọdé tó lé ní 400 ló kú sójú títì ní Netherlands? Àwọn òbí fara ya, wọ́n dí títì, wọ́n béèrè ọ̀nà tí kò ní pa ọmọ wọn. Lónìí, kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ. Ní Oslo, olú ìlú Norway, lọ́dún 2019, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kankan tí ọkọ̀ pa.

Akoto nìkan kọ́ ló ṣe ìyẹn. Ìwọ awakọ̀, dín eré kù. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ nísinsìnyí, ẹ má dúró dìgbà tí òbí bá ń sunkún.