Ẹrù Ni Kí Ẹ Dín Kù

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, nínú oṣù Kejì. Yìnyín ti bo ojú adágún Mahogany, gbogbo wa sì wà nínú ilé. Ọmọ mi obìnrin sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá rẹ̀ lókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mọ́mì, ó tún ti já."

Ìgbà kẹta nìyẹn láti ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá mi máa pé ẹni 80 ọdún ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ọdún 16 yìí sì ti fi oṣù méjì ṣe ìkànnì kan fún un: 400 àwòrán, pẹ̀lú àlàyé lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, láti ìgbà tí Ìyá ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ títí dé ọjọ́ tó gbé àbíkẹ́yìn àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jó. Bí a ṣe ń wo ara wa nínú ilé ìdáná yẹn, aago márùn-ún ìdájí Sátidé ti lù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aago mẹ́wàá ni ìsìn ìdúpẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ṣí ìkànnì náà fún gbogbo ẹbí.

Bàbá rẹ̀ ní tó bá di ọjọ́ Ajé, ká pe iléeṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, ká sanwó sí i. Èmi náà rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣé bí a ṣe ń wo fíìmù nínú ilé yìí láìdúró, kí ló wá dé tí àwòrán lásán kò lè jáde?

Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ wo ìwé owó íntánẹ́ẹ̀tì yín. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ síwájú, eré tí nǹkan fi ń wọlé wá ni. Eré tí nǹkan fi ń jáde, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní upload, sábà máa ń kéré sí i gan-an. Nígbà tí àjọ CRTC, tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Kánádà, sọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ohun tó yẹ kí gbogbo ilé ní, mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n dá fún àwọlé, 10 péré ni ti àjáde. Ìtàn wáyà náà ló fà á. Nítorí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ fa wáyà kébù wọ ilé ní Àríwá Amẹ́ríkà, ilé ló ń gbà, kì í ránṣẹ́. Wọ́n wá ya apá tóóró kan sọ́tọ̀ nísàlẹ̀ fún ohun tó ń jáde, gbogbo èyí tó kù di ti ohun tó ń wọlé. Àwọn tí wáyà fibre wọ ilé wọn kì í sábà ní ìyọnu yìí.

Ọmọ mi wọn eré tiwa nínú yàrá rẹ̀ lórí Wi-Fi. Àwọlé jẹ́ 75. Àjáde jẹ́ 2.

A wá jókòó ṣe ìṣirò. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń béèrè ohun tí ìṣirò wúlò fún, ẹ gbọ́.) Àwòrán tí fọ́ọ̀nù ń yà lóde òní máa ń tó mẹ́gábáìtì 4. Tí ó bá jẹ́ 400, ó di 1,600. Mẹ́gábáìtì kan jẹ́ mẹ́gábíìtì 8, nítorí náà ẹrù wa jẹ́ 12,800. Pín in sí 2, ó di 6,400 ìṣẹ́jú àáyá: ó kù díẹ̀ kó tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 47, tí kò bá já rárá. Ó sì ń já, gbogbo ìgbà tó bá sì já, ọmọ mi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Àwòrán fọ́ọ̀nù sábà máa ń fẹ̀ tó 4,000 píksẹ́lì. Ojú fọ́ọ̀nù tí ìyá mi máa fi wò ó kò fẹ̀ tó ìdajì ìyẹn. A fi IrfanView, ètò ọ̀fẹ́ kan tó lè ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dín gbogbo wọn kù sí 1,600 píksẹ́lì. Àwòrán tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 4 di nǹkan bí 300 kílóbáìtì. Mo fi ojú ara mi wo àwòrán Ìyá méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, n kò mọ èwo ni èwo. Gbogbo ẹrù náà di mẹ́gábáìtì 120. A tún ní kí ètò náà yọ ìsọfúnni tí fọ́ọ̀nù ń fi pamọ́ sínú àwòrán, nítorí ó lè ní ibi gan-an tí a ti yà á nínú, kò sì yẹ kí gbogbo ayé mọ ojúlé wa.

Ó tún dùn mọ́ mi nítorí àwọn ará ilé. Dátà tí wọ́n fi owó rà ni wọ́n máa fi ṣí i, àjọ NCC sì ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù lè fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Ẹni tó bá fi mẹ́gábáìtì 1,600 ránṣẹ́ sí ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀, gbèsè ló fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, a gbé kọ̀ǹpútà lọ sí basement, níbi tí modem wà, a fi wáyà so wọ́n pọ̀. Láti yàrá òkè, Wi-Fi ní láti la àjà méjì kọjá àti àwọn ọ̀nà irin tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń gbà fẹ́ afẹ́fẹ́. Nídìí modem, àjáde di 10. (Wi-Fi ilé ìkàwé Seton, tó wà nínú ilé YMCA nítòsí wa, jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tilẹ̀kùn.)

Ìkànnì náà ní fáìlì tó ju 900 lọ, nítorí àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kékeré. Fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà wa àti ti ibi tó ń lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ara wọn kí ẹrù tó gbéra. Ìkíni 900 nìyẹn! Ọmọ mi fi zip di gbogbo rẹ̀ sí ẹyọ kan, ó sì tú u nígbà tó débẹ̀. Zip kò mú kí àwòrán fúyẹ́ o, àlọ-àbọ̀ ló dín kù.

Mo tún rí ìdí tí ìpàdé àdúrà mi lórí Zoom fi ń dákú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ohunkóhun tó bá wọlé wá, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi èsì kékeré ránṣẹ́ padà pé òun ti rí i gbà. Tí ẹrù ẹnì kan bá dí ọ̀nà àjáde, èsì yẹn á dúró, àwọlé náà á sì dúró. FileZilla, tí ọmọ mi fi ń ránṣẹ́, ní ibi tí a ti lè dín eré rẹ̀ kù kí àwọn yòókù lè mí. Ó sì lè tẹ̀ síwájú láti ibi tí ẹrù ti já. Ọmọ náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹkún ìrọ̀lẹ́ yẹn ì bá má wáyé.

Kí aago mọ́kànlá tó lù, ó ti débẹ̀. Àjáde náà fúnra rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi pè wá ní aago márùn-ún ìdájí. Ìyá fẹ́ bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbàdúrà fún un dáadáa, ó wá ní, "Ta ló kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán tí mo fi gèlè aláwọ̀ ewé yẹn pé ọdún 1974 ni? Ọdún 1971 ni o. Oyún ìyá rẹ ló wà nínú mi níbẹ̀."

"Ẹ má bínú, Màmá. Màá tún un ṣe."

Ojú ẹsẹ̀ ló tún un ṣe. Fáìlì kan ṣoṣo ló gbé lọ. Àwọn tó ní ìkànnì ńlá máa ń lo rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní Ọsirélíà ní 1996: á gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, á fi wé èyí tó wà lọ́hùn-ún, á sì fi kìkì ohun tó yí padà ránṣẹ́. Ọmọ mi ti ń kọ́ ọ báyìí, nítorí Ìyá ti rí àṣìṣe mẹ́ta mìíràn.